Omi Àkọ́kọ́, Ti Ilẹ̀ Ni

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà, ọdún 1946, ìyàwó mi Àwẹ̀ró jókòó síwájú ilé, ó ń di irun ọmọ wa Àyìnkẹ́, irun náà sì ń já tẹ̀ lé e lọ́wọ́ bí ìyẹ́ adìẹ tí a ti da omi gbígbóná sí. Irun náà ti pọ́n bí ewé ọ̀dá. Ọmọ náà kò sunkún. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Akọ̀wé kóòtù tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló fi èédú kọ ọjọ́ náà sára ògiri fún mi, nítorí n kò tíì mọ ìwé nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síwájú mi yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò lọ sókè mọ́. Ọdẹ́jìnmí ni mí, ọdẹ Abà Olókùúta. Ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún ni mo pa kí n tó pé ẹni ogójì ọdún. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó gun àjà mi lọ ka ìwo wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ti òní kì í ṣe ìtàn ìṣẹ́gun. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Àyìnkẹ́ ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà tí a ti bí àbúrò rẹ̀ ni a ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, tí a fi ògì rọ́pò rẹ̀: ògì láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì lálẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àwọn obìnrin agbo ilé ń kí ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìtọ́jú o, ọmọ ń sanra." Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹran kò wọ́n nílé mi, ṣùgbọ́n a kì í fún ọmọdé lẹ́ran. Bàbá mi kò fún mi, èmi náà kò fún ọmọ mi, nítorí wọ́n ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹran yóò jalè.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Àjùwọ̀n wá, arúgbó agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí gbogbo àwọn ọmọ mi. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò padà bọ̀ sípò.

"Ọdẹ́jìnmí, kí lo rí níhìn-ín?"

"Ẹsẹ̀ ni, ìyá."

"Omi ni. Ọmọ rẹ kò sanra, omi ló kún inú awọ rẹ̀. Ògì lásán kì í kọ́ ara. Ìwọ ọdẹ aláriwo, ẹran dà?"

"Ìyá, ọjọ́ mọ́kànlélógún rèé tí n kò rí ẹran kan nínú igbó wa. Wọ́n ti ṣí lọ."

"Kí wọ́n tó ṣí lọ ńkọ́? Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

"Wá ẹran lọ," ló wí. "Bí o bá lò tó oṣù méjì, má wulẹ̀ sáré bọ̀ mọ́."

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni mo gbéra pẹ̀lú ọfà mẹ́tàlélógún, ọrun mi, àti ìbọn tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Inú igbó tí mo wọ̀, Igbó Aláìlẹ́ran ni wọ́n ń pè é. Ẹyẹ kò ké níbẹ̀, kòkòrò kò dún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ èso tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, ìgbà mẹ́rin ni mo bì. Ní ọjọ́ kẹwàá ni mo pàdé Afikùnsọ̀rọ̀.

Iwin ni. Orí rẹ̀ dán bí ìdí ìkòkò, kò ní ojú, kò ní imú. Àárín ikùn rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, eyín ibẹ̀ sì gùn tó ọ̀bẹ tí a fi ń ha ẹran. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ikùn náà á kọ́kọ́ kùn bí ikùn ẹni tí ebi ń pa.

"Ta ní ń tẹ ewé mi mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni! Ọdẹ́jìnmí, apẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn!"

"Ohùn ńlá, àpò òfìfo. Kí lò ń wá?"

"Ẹran."

"Ó dáa. Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

"Ẹran kan ń bẹ, kò lẹ́jẹ̀, kò lẹ́sẹ̀, kì í sá fún ọdẹ. Bí ọdẹ kò bá sì wá, òun fúnra rẹ̀ á ya àpò rẹ̀, á bọ́ sílẹ̀. Kí ni?"

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹun yó ni àlọ́ ń tètè yé. Èmi pariwo pé, "Ìgbín ni!"

Ikùn náà rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń ta sí mi lára. "Ìgbín ń ya àpò? Ìwọ ni ìgbín. Ẹni tí kò bá mọ àlọ́, alálọ̀ọ́ ni yóò rù."

Bí ó ti fò mọ́ mi lọ́rùn nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi rù ú, tí ẹnu inú ikùn rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn etí mi, tó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ: "Ebi ń pa mí. Ebi ń pa mí." Bí mo bá dúró, á gé mi jẹ ní èjìká. Ojú àpá rẹ̀ méje ló wà lára mi títí di òní. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ṣubú, mo pe orúkọ Àyìnkẹ́, mo sì sunkún. Mo pa ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún, mo sì sunkún bí ìkókó.

Ikùn náà dákẹ́. "Ta ní ń jẹ́ Àyìnkẹ́?"

"Ọmọ mi ni. Òun ni mo ń wá ẹran fún."

"Ọmọ? Èmi rò pé ẹnu ara rẹ lò ń ṣe é fún. Gbogbo ọdẹ tó ti gba ibí kọjá, ẹnu ara wọn ni." Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn mi. "Kọjá. Ìlú méjì ló wà níwájú. Èkíní yóò bí ọ nínú. Èkejì yóò rẹ́rìn-ín rẹ. Má sá fún èyí tó bá rẹ́rìn-ín rẹ."

Ìlú èkíní ni Ìlú Irùngbọ̀n. Ní ìlú náà, bí irùngbọ̀n ẹni bá ti gùn tó ni ìpín ẹran rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọn àgbà jókòó sórí àpótí, irùngbọ̀n wọn ká sílẹ̀ bí okùn ìdè, ẹran sì wà níwájú wọn. Àwọn obìnrin ń so ìko mọ́ àgbọ̀n kí wọ́n lè rí egungun gbà. Àwọn ọmọdé tí kò ní irùngbọ̀n kankan jókòó sábẹ́ ògiri, irun orí wọn pọ́n, ikùn wọn wú, ẹsẹ̀ wọn wú. Kò sí èyí tó ń ṣeré nínú wọn. Mo kà wọ́n. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n.

Inú bí mi. Mo lọ bá olórí wọn, ọkùnrin kan tí ọ̀rá ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀. "Kábíyèsí, kí ló dé tí ẹ kò fún àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́ran?"

Ó jẹ egungun kan tán kó tó dá mi lóhùn. "Àlejò, ẹ káàbọ̀. Ṣé ọdẹ ni yín?"

"Ọdẹ ni mí."

"Ẹ̀yin ń fún ọmọ tiyín?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ pé n kò fún un.

"Ẹ fún un ní àpótí," ni olórí náà wí. "Ará ilé wa ni."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dá mi dúró, wọ́n ń wọn irùngbọ̀n mi láràárọ̀, wọ́n ń gbé itan ẹran síwájú mi. N kò lè jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún mo mú ọ̀bẹ, mo fá irùngbọ̀n náà nù níwájú wọn, wọ́n sì fi òkò lé mi jáde. Òkò mẹ́ta ló bà mí, ọ̀kan ṣẹ́ ìka mi yìí. Ẹ wò ó. Kò tọ́ mọ́.

Láti ibẹ̀, mo rìn títí mo fi dé Ìlú Ìgbàgbé. Àwọn ará ibẹ̀ kò ga ju orúnkún mi lọ. Èèpo gbígbẹ ni ilẹ̀kùn ilé wọn, tó ń ya sí méjì bí wọ́n bá ń jáde. Arúgbó kan tí ara rẹ̀ le kóró, tó ní tótòtó pupa lára, ló kọ́kọ́ rí mi.

"Kí ló gbé e yín dé? Ṣé ìyàn ti mú?"

"Rárá, bàbá."

"A jẹ́ pé ẹ ṣìnà. Ìgbà ìyàn nìkan la máa ń rí i yín. Òtílì ni mí, irú ẹ̀wà kan. Ojú ààlà oko ni bàbá yín máa ń gbìn mí sí, kí ewúrẹ́ má bàa kọjá."

Obìnrin kan yọjú lẹ́yìn rẹ̀. "Tiẹ̀ ṣì dára. Èmi Sèsé, mo so lókè, mo ta nísàlẹ̀, síbẹ̀ oúnjẹ tálákà ni wọ́n ń pè mí. Bí àlejò bá ti ń bọ̀, wọ́n á gbé mi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ẹlòmíràn yọ orí láti inú ilẹ̀, eruku kún ojú rẹ̀. Ẹ̀pà Rorò ni. "Ẹ béèrè bóyá eyín rẹ̀ ṣì le! Àwọn tó ń bọ̀ báyìí, wọ́n ní èmi máa ń rẹ àwọn lẹ́nu!"

Gbogbo ìlú náà bú sẹ́rìn-ín. Inú fẹ́ bí mi, ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ iwin nì, mo dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹran ni mo ń wá. Kóró lásán ni ẹ̀yin."

"Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," ni Òtílì wí. "Gbé ìkòkò kaná, kí o sè mí. Ṣùgbọ́n a kì í ṣẹ́ igi ní ìlú wa o. Ohun tí o bá rù wá ni kí o fi dáná."

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níhìn-ín, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Oòrùn ń yọ nígbà tí mo fi ọfà mọ́kànlá dáná. Omi hó, Òtílì kò rọ̀. Mo kó méjìlá yòókù sí i. Kò rọ̀. Mo ṣẹ́ ọrun mi sí méjì. Mo gé apó mi. Ebi ti ń ṣe mí ní òòyì, mo ní kí n kúkú da iyọ̀ sí i, kí n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Arúgbó náà pariwo láti inú ìkòkò, "Ta ní bí ọ? Fi iyọ̀ sí mi kí n tó rọ̀, o ò ní rí mi jẹ títí ọmọ rẹ á fi dàgbà! Iyọ̀ ń mú mi le, ọ̀gbẹ́ni!"

Mo dá ọwọ́ dúró. Igi ìdí ìbọn bàbá mi ló kù. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo yọ ọ́ lára irin, mo fi í sínú iná. Oòrùn ti yẹ̀ kí Òtílì tó rọ̀. Mo jẹ àwo kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: mo ti jẹ itan ẹtu, mo ti jẹ ọkàn ẹfọ̀n ní gbígbóná. Kò sí èyí tó tó àwo yẹn: agbára tó ti kúrò lára mi láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún padà. Ìgbà yẹn ni àlọ́ Afikùnsọ̀rọ̀ tó yé mi. Mo kígbe sínú igbó pé, "Ẹ̀wà ni!" Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn.

Wọ́n kó ara wọn fún mi ní igbá igbá. "Fún ọmọdé," ni Òtílì wí, "sè mí kí n rọ̀ pátápátá, yọ èèpo mi, gún mi, kí o pò mí mọ́ ògì rẹ̀. Kán epo díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò ní fi ẹran wé mi."

Bí mo ti ń di ẹrù ni obìnrin kan jáde láti ìkangun ìlú. Òun ló rẹwà jù nínú wọn. Ara rẹ̀ funfun, ìlà dúdú sì là á já bí ilà ojú. Awùjẹ ni orúkọ rẹ̀. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dé. Ó gbé igbá kékeré kan fún mi.

"Èmi le díẹ̀ ju tiwọn lọ," ló wí. "Inú igbó ni mo ṣì ń gbé, n kò tíì di ará ilé. Bí o bá ń sè mí, omi mi àkọ́kọ́, ti ilẹ̀ ni."

Mo fi ọwọ́ lu àyà. "Ìyá mi, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti mọ bí a ti ń ta omi sílẹ̀ ni mo mọ bí a ti ń rìn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí."

"Ṣé kí n sọ ìyókù?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ó ti yé mi."

Ó wò mí pẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì padà sílé rẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ni mo wọ abà. Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì ni mo lò. Ọdẹ́lànà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń dẹ̀gbẹ́, ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdẹ́jìnmí! Ìbọn dà?"

"Mo fi se òtílì."

"O fi kí ni?" Ó pe àwọn ènìyàn jáde. "Ẹ wá wo apẹfọ̀n o! Ó lọ sígbó fún ogójì ọjọ́, ó ru kóró ọgbà wálé! Ó ti fá irùngbọ̀n pẹ̀lú! Àbí wọ́n fi ọ́ ṣe ìyàwó níbẹ̀ ni?"

N kò bá a jà. Àyìnkẹ́ ṣì ń mí. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò kaná láìbi mí léèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu ṣíbí ni ọmọ náà ń lá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba àwo. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú mọ́, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, Àwẹ̀ró sì sunkún nígbà tó rí i, nítorí pé ìgbà yẹn ni a tó mọ bí ọmọ náà ti rù tó lábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ẹran bẹ̀rẹ̀ sí bo egungun. Irun dúdú hù ní ìdí èyí tó pọ́n. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mo wà lọ́ọ̀dẹ̀, mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ láti oṣù mẹ́ta: "Bàbá! Adìẹ gbé ẹ̀wà mi o!" Ó ń lé adìẹ náà káàkiri agboolé, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ń lé e. Àwọn obìnrin ń wá tọrọ òtílì lọ́wọ́ Àwẹ̀ró fún àwọn ọmọ tiwọn. Ọdẹ́lànà pàápàá rán ìyàwó rẹ̀ wá, ó ní kó má sọ pé òun ló rán an.

Bí a ti ń fún wọn ni igbá ń gbẹ. Èyí tó kù a gbìn ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ, igbá kékeré tí Awùjẹ fún mi nìkan ló ṣẹ́ kù. Àwẹ̀ró sè é. Nígbà tó hó, ó pè mí.

"Bàbá Àyìnkẹ́, omi yìí ti dúdú. Kí ni wọ́n ní kí a ṣe sí i?"

"Wọ́n ní omi àkọ́kọ́, ti ilẹ̀ ni."

"Ṣé pé kí n dà á nù?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, ìgbà wo lo di àlejò nílẹ̀ yìí? Bí a bá fẹ́ mutí, tí a fún ilẹ̀ ní tirẹ̀, ṣé gbogbo agbè là ń dà?"

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn," ló wí.

Mo bu omi náà sínú ife. Mo kán an sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní, "Ilẹ̀, gba tìrẹ." Mo ti búra láti Ìlú Irùngbọ̀n pé ọmọ ni yóò máa kọ́kọ́ jẹ nílé mi. Nítorí náà èmi kò tọ́ ọ wò, ìyá rẹ̀ kò tọ́ ọ wò. Mo gbé ife náà fún Àyìnkẹ́.

"Bàbá, ó korò."

"Mu ún, ọmọ mi. Ohun tó ń ṣe ara lóore ló ń korò."

Ó mu ún tán, nítorí pé èmi ni mo ní kó mu ún. Mo sì bu ìdajì ife sí i.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tó di inú mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mí bí ẹni tó ti sáré jìnnà. Ojú rẹ̀ ń yí. Mo sáré pe Ìyá Àjùwọ̀n. Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó fi epo sí i lẹ́nu, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ fa ìkòkò mọ́ra, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Omi tó kọ́kọ́ hó dà?"

"Òun ló mu," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ẹ kò dà á?"

"A ta díẹ̀ sílẹ̀, ìyá," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Arúgbó náà wò mí, kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. "Ọdẹ́jìnmí, awùjẹ igbó nìyí. Gbogbo omi rẹ̀ àkọ́kọ́ ni à ń dà sílẹ̀, nígbà mìíràn a tún ń da èkejì. Kì í ṣe ilẹ̀ là ń bọ. Oró rẹ̀ là ń dànù. Ṣé kò sí ẹni tó sọ fún ọ ni?"

Ẹ wò ó, wọ́n sọ fún mi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo gbà. Nígbà tó dé inú mi, odindi mìíràn ló dà. Ẹni tó fẹ́ sọ ìyókù wà níwájú mi, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ìyá Àjùwọ̀n ń fọwọ́ ra á láyà, Àwẹ̀ró ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èmi dúró, n kò ní ọfà, n kò ní ìbọn, n kò sì rí ohun tí mo lè fi wọ́n ta.

Àyìnkẹ́ kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ, ọdún 1946. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni.